Ìhà tí Àwọn Nọ́ọ̀sì Kọ sí Ìtọ́jú Arúgbó ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1834: Àyẹ̀wò Ojú Ìtàn

1.0 Ìfáárà

Ó ti di àṣà láàrin àwa Yorùbá pé nígbà tí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú àgbàlagbà bá délẹ̀, a ó máa fi ara wa wé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. A ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ka àgbà sí. A ó ní ilé ìtọ́jú ni wọ́n ń kó òbí wọn lọ. A ó sì ní pé ní tiwa, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ báyìí ti gbà láìjiyàn pé inú àṣà nìkan ni ìhà tí ènìyàn ń kọ sí arúgbó ti ń wá, àti pé ẹni tí a bá ti fi àṣà rere tọ́ kò ní fi ojú tín-ínrín àgbà, ibi yòówù kí ó ti máa ṣiṣẹ́.

Èrò yìí ni pépà yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Àbá tí a gbé kalẹ̀ ni pé ìhà tí nọ́ọ̀sì kọ sí aláìsàn tí ó ti darúgbó kò ti inú ọkàn rẹ̀ nìkan wá, kò sì ti inú àṣà ìlú rẹ̀ nìkan wá. Ilé tí ó ti ń ṣiṣẹ́, òfin tí ó dá ilé náà sílẹ̀, iye ènìyàn tí a fi sí abẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ àti ipò tí a fi iṣẹ́ náà sí láàrin àwọn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yòókù, gbogbo wọn ni wọ́n jùmọ̀ ń mọ ìhà náà. Bí àbá yìí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, a jẹ́ pé ìyangàn wa lórí ọ̀rọ̀ àgbà kò lè gbà wá nígbà tí àwa náà bá kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni a yàn láàyò nítorí pé dókítà a máa wá, a sì máa lọ, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni ó ń fi ọwọ́ kan ara arúgbó lọ́sàn-án àti lóru. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a sì mú lò fún ìdí mẹ́ta. Àkọ́kọ́, àkọsílẹ̀ wọn pọ̀. Èkejì, láti ọ̀dọ̀ wọn ni ètò iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ìgbàlódé ti dé ilẹ̀ wa. Ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ nínú àwọn wọ́ọ̀dù tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn yìí.

2.0 Ìṣòro Ẹ̀rí

Ìhà kíkọ kì í ṣe ohun tí a lè fi ojú rí. Ènìyàn lè fi ẹnu yin arúgbó, kí ó sì fi í sílẹ̀ sínú aṣọ tútù fún wákàtí mẹ́ta. Ó sì lè máa kùn sí i, kí ó tún máa yí i padà lórí ibùsùn rẹ̀ ní àkókò tí ó yẹ. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó ka àgbà sí?

Láti nǹkan bí àárín ọ̀rúndún ogún ni àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ti bẹ̀rẹ̀ sí wọn ìhà yìí pẹ̀lú ìwé ìbéèrè. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni ti Nathan Kogan ní Amẹ́ríkà ní 1961. Gbólóhùn 34 ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ méjì-méjì: bí ọ̀kan bá sọ ohun rere nípa àwọn arúgbó, èkejì rẹ̀ yóò sọ òdì-kejì. Wọ́n ti lo irinṣẹ́ yìí fún nọ́ọ̀sì àti fún akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń wọ̀n ni ọ̀rọ̀ ẹnu nípa àwọn arúgbó lápapọ̀. Kò lè sọ fún wa ohun tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo yóò ṣe ní aago méjì òru nígbà tí arúgbó mẹ́rin bá pè é lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, oríṣi ẹ̀rí mìíràn ni òpìtàn gbọ́dọ̀ máa wá kún un: òfin, ìròyìn ìgbìmọ̀ olùwádìí, àkọsílẹ̀ iye ibùsùn, àti ẹ̀rí àwọn nọ́ọ̀sì fúnra wọn. Ohùn arúgbó gan-an ni ó ṣọ̀wọ́n jù nínú gbogbo rẹ̀, àìtó yìí sì jẹ́ ẹ̀rí lórí ara rẹ̀.

3.0 Ilé Àwọn Òtòṣì

Orísun ọ̀rọ̀ yìí ni òfin òtòṣì tí wọ́n ṣe ní 1834. Òfin náà pàṣẹ pé kí òtòṣì tí ó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ìjọba wọ inú ilé ńlá kan tí wọ́n kọ́ fún irú wọn, kí ó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí ó tó jẹun. Ìlànà tí ó wà nídìí òfin náà ni pé ìgbé-ayé inú ilé yìí gbọ́dọ̀ burú ju ti alágbàṣe tí ó kéré jù níta lọ, kí ẹnikẹ́ni má ba à máa fi ìfẹ́ inú wọ ibẹ̀. Ọ̀lẹ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó kún inú ilé náà bí kò ṣe arúgbó, abirùn àti aláìsàn tí kò ní ẹbí. Báyìí ni ilé tí wọ́n kọ́ láti fi jẹ ọ̀lẹ níyà ṣe di ilé tí arúgbó ń kú sí.

Ta ni ó ń tọ́jú wọn? Àwọn obìnrin òtòṣì tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà ni. Wọn kò kọ́ iṣẹ́, wọn kì í gba owó oṣù, oúnjẹ díẹ̀ tàbí ọtí bíà ni èrè wọn. Nígbà tí ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Lancet rán àwọn olùwádìí lọ sí àwọn ilé wọ̀nyí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1865, ohun tí wọ́n kọ mú ìtìjú bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọdún yẹn kan náà ni Agnes Jones, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Florence Nightingale, dé ilé àwọn òtòṣì ní Brownlow Hill ní Liverpool pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ṣẹ́. William Rathbone, oníṣòwò kan, ni ó san owó rẹ̀. Ibà mú Agnes Jones níbẹ̀, ó sì kú ní 1868. Ó di 1897 kí àṣẹ ìjọba tó ka fífi òtòṣì ṣe nọ́ọ̀sì léèwọ̀.

Ní ìhà kejì ni àwọn ilé ìwòsàn àwọn olówó àánú wà, irú bíi St Thomas'. Àwọn wọ̀nyí kì í gba ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò ní lọ bọ̀rọ̀. Aláìsàn tí yóò sàn kíákíá, tàbí tí àìsàn rẹ̀ yóò wúlò fún ẹ̀kọ́, ni wọ́n ń fẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì. A ó rí i pé nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ṣẹ́ jù ni ó mọ arúgbó díẹ̀ jù, àti pé ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rárá ni a fi arúgbó sí lọ́wọ́. Ìpín yìí ṣe kókó. Ṣáájú kí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò fẹ́ tọ́jú arúgbó ni ètò ìlú ti kọ ọ́ sórí ògiri pé iṣẹ́ ẹni ẹ̀yìn ni.

4.0 Ibùsùn 714

Ní 1935, wọ́n fi ilé ìtọ́jú òtòṣì kan kún ilé ìwòsàn West Middlesex. Dókítà Marjory Warren ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́. Ibùsùn 714 ni ó bá níbẹ̀. Wọ́n dà gbogbo ènìyàn pọ̀: ẹni tí ẹ̀gbà mú, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú, ẹni tí kò ní àìsàn kankan ju ogbó lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà lórí ìdùbúlẹ̀ láti ọdún pípẹ́, kò sì sí ẹni tí ó tún bi wọ́n léèrè bí wọ́n bá lè dìde.

Ohun tí Warren ṣe kò ṣòro láti sọ. Ó yẹ olúkúlùkù wò. Ó pín wọn sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí àìsàn wọn. Ó mú kí ìmọ́lẹ̀ wọ inú wọ́ọ̀dù, kí a kun ògiri rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn ènìyàn dìde kúrò lórí ibùsùn. Àwọn tí a ti rò pé ikú nìkan ni wọ́n ń dúró dè bẹ̀rẹ̀ sí rìn, àwọn mìíràn sì padà sílé. Níkẹyìn, ibùsùn 240 ni ó tó fún iṣẹ́ náà. Ó kọ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1943 àti ní 1946.

Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ìṣègùn máa ń ka èyí sí ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ ìṣègùn àgbà. Ohun tí ó kan pépà yìí yàtọ̀ díẹ̀. Àwùjọ tí wọ́n ti ń gbé náà ni wọ́n ṣì ń gbé, bẹ́ẹ̀ ni àṣà wọn kò yí padà. Ohun tí ó yí padà ni pé iṣẹ́ náà wá ní ibi tí ó ń lọ. Nọ́ọ̀sì tí ó rí i pé ẹni tí òun ń wẹ̀ lónìí lè máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lóṣù tí ń bọ̀ kò lè wo iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó ń pọn omi sínú agbọ̀n. Àìnírètí ni ó ń bí àìnáání. Nígbà tí ìrètí dé, ìhà tí wọ́n kọ sí iṣẹ́ náà yí padà.

5.0 Àkàbà Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje, 1948, ètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ ti ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ilé ìwòsàn wá di ti ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Ilé òtòṣì àtijọ́ ni a kàn fún ní orúkọ tuntun. Arúgbó tí ó bá rí ẹnubodè náà ṣì mọ ibi tí wọ́n gbé òun wá, ẹ̀rù a sì máa bà á.

Òfin 1943 ti pín àwọn nọ́ọ̀sì sí ọ̀nà méjì. Ẹni tí ó bá kẹ́kọ̀ọ́ ọdún mẹ́ta ni a ń kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá kẹ́kọ̀ọ́ ọdún méjì ni igbákejì, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé kejì. Àwọn igbákejì wọ̀nyí àti àwọn olùrànlọ́wọ́ tí kò kọ́ṣẹ́ ni ó pọ̀ jù ní wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó. Nígbà tí òṣìṣẹ́ kò tó, ìjọba ránṣẹ́ sí Ireland, sí àwọn erékùṣù Caribbean, sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ti òkè òkun wá ni wọ́n darí sí ẹ̀kọ́ ọdún méjì láìṣàlàyé fún wọn pé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ níyì nílẹ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọmọ tí a tọ́ ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Abẹ́òkúta, tí ó ń kúnlẹ̀ kí ẹni tí ó jù ú lọ, wá bá ara rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kan ní ìlú tútù, níbi tí wíwẹ ènìyàn 20 kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ti jẹ́ òṣùwọ̀n iṣẹ́ rere. Ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Aago sì wà lára ògiri. Èwo ni yóò borí lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́wàá?

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó gba ọ̀nà yìí. Kofoworola Abeni Pratt kẹ́kọ̀ọ́ ní St Thomas' láti 1946 sí 1950, ó padà sílé, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ métírónì ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn. Ní 1973 ó gba àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale. Ṣùgbọ́n àkàbà tí ó gbé e gòkè kì í ṣe àkàbà tí a gbé ti ògiri wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó.

Isabel Menzies ṣe ìwádìí ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1960. Ó ṣàkíyèsí pé wọ́n gé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí wẹ́wẹ́: ẹni kan a máa fi ohun ìwọ̀n-ibà káàkiri, ẹlòmíràn a máa tẹ́ ibùsùn, kò sì sí ẹni tí ó dúró ti aláìsàn kan pẹ́. Orúkọ aláìsàn a di nọ́ńbà ibùsùn tàbí orúkọ àrùn. Menzies ní ètò yìí kì í ṣe ìwà ìkà. Ààbò ni fún ọkàn nọ́ọ̀sì, kí ìbànújẹ́ àti ẹ̀rù ikú má ba à bò ó mọ́lẹ̀. Kì í ṣe wọ́ọ̀dù arúgbó ni ó ti ṣe ìwádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n a lè rí i pé níbi tí ikú ti sún mọ́ni jù, tí òṣìṣẹ́ sì kéré jù, irú ààbò bẹ́ẹ̀ yóò nípọn jù.

6.0 Ìmọ̀ àti Ìhà

Nọ́ọ̀sì ni Doreen Norton. Ní 1962, òun àti Rhoda McLaren pẹ̀lú Dókítà A. N. Exton-Smith tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìṣòro ìtọ́jú arúgbó ní ilé ìwòsàn. Inú rẹ̀ ni òṣùwọ̀n tí a ń fi orúkọ Norton pè ti jáde. Ohun márùn-ún ni nọ́ọ̀sì yóò wò: ipò ara aláìsàn, ipò ọpọlọ rẹ̀, bí ó ṣe ń rìn tó, bí ó ṣe lè yí ara padà tó, àti bóyá ó lè mú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ dúró. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 4. Ẹni tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 14 tàbí tí ó dín sí i wà nínú ewu egbò tí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ máa ń dá sí ara.

Ṣáájú ìgbà náà, oríṣiríṣi òróró àti ọṣẹ ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń ra ìdí àti gìgísẹ̀ aláìsàn, bí egbò bá sì jáde, nọ́ọ̀sì ni ẹ̀bi wà lórí rẹ̀. Norton fi hàn pé yíyí aláìsàn padà déédéé ni ó ṣe pàtàkì. Ohun tí a fẹ́ kí a kíyè sí ni pé ó sọ iṣẹ́ tí a kà sí ti ẹni tí kò mọ̀wé di iṣẹ́ ìmọ̀. Ìtọ́jú arúgbó wá ní ìbéèrè tí ó gba làákàyè. Níbi tí ìmọ̀ bá ti wọ iṣẹ́, iyì a máa tẹ̀ lé e.

Síbẹ̀, ìmọ̀ nìkan kò tó. Dorothy Baker parí ìwádìí rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ní Yunifásítì Manchester ní 1978, ó sì tẹ apá kan jáde ní 1983. Ọ̀nà ìtọ́jú méjì ni ó ṣàpèjúwe. Nínú ọ̀kan, àṣà iṣẹ́ ni ó ń darí nọ́ọ̀sì: a ti lẹ orúkọ mọ́ àwọn arúgbó lápapọ̀, a sì ń ṣe gbogbo wọn bákan náà. Nínú èkejì, ẹni tí ó wà lórí ibùsùn ni nọ́ọ̀sì ń wò. Ní 1977 òfin àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti fi ìtọ́jú arúgbó kún ohun tí ẹni tí yóò di nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá rán lọ sí wọ́ọ̀dù tí ọ̀nà àkọ́kọ́ ti jọba, ọ̀nà àkọ́kọ́ náà ni yóò kọ́.

7.0 Àtakò kan sí Àbá Wa

Ẹnì kan lè sọ pé àbá wa yìí ń tú nọ́ọ̀sì sílẹ̀ kúrò nínú ẹ̀bi. Bí ilé bá ni ó ń mọ ìhà, ta ni a ó bá wí? Ìbéèrè náà tọ́, ìtàn Barbara Robb sì ni yóò ràn wá lọ́wọ́ láti dáhùn rẹ̀.

Ní 1965 ni Robb bẹ̀rẹ̀ sí jà fún àwọn arúgbó tí ó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ní 1967 ó tẹ ìwé Sans Everything jáde. Lára ohun tí ìwé náà tú síta ni pé wọ́n ń gba gíláàsì ojú, eyín àtọwọ́dá àti ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ lọ́wọ́ àwọn arúgbó. Ẹni tí a bá ti gba ojú, eyín àti etí rẹ̀ kò ní pẹ́ di ẹni tí a ń pè ní aláìnílàákàyè. Ní 1968 àwọn ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi di 1969, ìròyìn lórí ilé ìwòsàn Ely ní Cardiff jáde, ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan sọ fún ìwé ìròyìn ni ó sì bí ìwádìí náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba dá àwọn alábẹ̀wò ilé ìwòsàn sílẹ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì wà lára àwọn tí ó jẹ́rìí nínú ìwé Robb. Ilé kan náà ni àwọn àti àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jọ ń ṣiṣẹ́. Aago kan náà ni ó ń lé wọn. Ilé kò rí wọn mọ bí ó ti mọ àwọn yòókù. Nítorí náà, a kò sọ pé ilé ń fi ipá mú ènìyàn. Ohun tí a ń sọ ni pé ilé kan wà tí ó mú kí ìwà rere rọrùn, òmíràn sì wà tí ẹni tí yóò hùwà rere níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ akin. Ìlú tí ó bá gbé ìtọ́jú àgbà lé orí akin nìkan, àgbà ibẹ̀ kò ní rí ìtọ́jú, nítorí akin kì í pọ̀ nílùú.

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí níbẹ̀. Ní 2011, aṣojú tí ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú lórí ètò ìlera kọ ìròyìn lórí àwọn àgbàlagbà 10 tí wọn kò tọ́jú bí ó ti yẹ. Ní 2013, ìròyìn Robert Francis lórí ilé ìwòsàn Mid Staffordshire fi hàn pé dídín òṣìṣẹ́ kù nítorí owó wà lára ohun tí ó fa ìyà tí àwọn aláìsàn jẹ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àgbàlagbà. Nígbà náà, ilé òtòṣì ti parẹ́, ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti wọ yunifásítì. Kí òṣìṣẹ́ má tó ni ó ṣẹ́ kù, ó sì tó láti bí àbùkù àtijọ́.

8.0 Ohun tí ó Kàn Wá

Wọ́n ṣí ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn ní 1957. Ní 1965, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ oyè nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ní 2012 ni wọ́n tó ṣí ibùdó ìtọ́jú àgbà tí a fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè nínú ilé ìwòsàn náà. Ọdún 55 ni ó wà láàrin àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn. Láàrin ọdún wọ̀nyí, kí ni ó ń bo àìtó ètò wa mọ́lẹ̀? Ẹbí ni. Ọmọ, ìyàwó ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ni ó ń sùn lórí ẹní ní ìta wọ́ọ̀dù, òun ni ó ń wẹ arúgbó, tí ó ń fún un lóúnjẹ, tí ó ń sáré lọ ra oògùn. Nọ́ọ̀sì wa kò tíì rí irú ìdánwò tí nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, nítorí ọwọ́ ẹlòmíràn wà lábẹ́ ẹrù náà. Ohun tí a ń pè ní àṣà ìbọ̀wọ̀ fún àgbà ní wọ́ọ̀dù wa, apá kan rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹbí tí a kì í sanwó fún.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: a gbọ́n ní ìgbà ìwáṣẹ̀ tí a fi mọ̀ pé ìtọ́jú jẹ́ pàṣípààrọ̀ láàrin àwọn tí ó wà nítòsí ara wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ bá ti tàn ká Lọ́ńdọ̀nù, Toronto àti Houston, tí owó nìkan ni ó ń wálé, ọwọ́ ta ni yóò wọ kèrègbè? Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tiwa sì tún ti gba ojú ọ̀nà kan náà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń tọ́jú àgbà ẹlòmíràn. Bí a bá kọ́ wọ́ọ̀dù arúgbó síhìn-ín, tí a fi nọ́ọ̀sì kan sí ibùsùn 30, tí a sì sọ iṣẹ́ náà di ibi tí a ń rán ẹni tí ó ṣẹ ọ̀gá lọ, ohun tí Robb rí ni àwa náà yóò rí. Èdè Yorùbá ni a ó kàn fi ṣe é.

9.0 Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìhà tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ sí arúgbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìtàn, àti pé ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti inú òfin, kì í ṣe láti inú ọkàn. Ó yí padà nígbà tí Warren mú ìrètí wọ inú wọ́ọ̀dù àti nígbà tí Norton mú ìmọ̀ wọ̀ ọ́. Ó tún bàjẹ́ níbi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti tó. Àṣà rere wúlò, ṣùgbọ́n ó nílò ilé tí yóò máa gbé.

Iṣẹ́ kan kù tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn lè ṣe, kò sì gbọdọ̀ pẹ́. Àwọn obìnrin Yorùbá tí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrin 1950 sí 1970 mọ ohun tí ìwé kò kọ: ohun tí wọ́n bá nínú wọ́ọ̀dù wọ̀nyẹn, ohun tí wọ́n sọ fún ara wọn kí wọ́n tó lè ṣe é, àti ohun tí wọ́n kọ̀ láti ṣe. Ẹni tí ó lọ ní ọmọ ogún ọdún ní 1955 ti pé àádọ́rùn-ún ọdún ní 2025. Àwọn tí ó ṣẹ́ kù nínú wọn ti di arúgbó, ọwọ́ nọ́ọ̀sì mìíràn ni wọ́n sì wà. Ó yẹ kí á lọ jókòó tì wọ́n kí á bi wọ́n léèrè, nígbà tí ẹnu wọn ṣì lè dáhùn.